Ẹ Má Da Òkúta Náà Nù

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lè ti ẹlòmíràn lójú, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú ọ̀rọ̀ àìlera.

Nígbà tí òkúta kíndìnrín dá mi dùbúlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, dókítà wo àwòrán, ó ní kékeré ni, yóò bá ìtọ̀ jáde. Ó ní, "Ààfáà, tó bá jáde, ẹ mú un wá o."

Ìdí ni pé irú òkúta yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní kálísíọ̀mù nínú. Òmíràn jẹ́ ti uric acid, èyí tí oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù lè yọ́. Oògùn yẹn kò sì ní yọ́ ti kálísíọ̀mù. Àyẹ̀wò ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹni tó bá ń ta àgbo tó ń yọ́ gbogbo òkúta, ẹ bi í pé irú èwo.

Mo ra asẹ́ tíì tuntun tí ojú rẹ̀ kéré, mo ń tọ̀ gba inú rẹ̀ sínú ike, lóru lọ́sàn-án, títí kan ilé kéwú. Mo kọ ọ́ sára ike náà ní Lárúbáwá pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ mi kà á sókè, gbogbo ilé bá mọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ohun kan bíi hóró iyanrìn bọ́ sínú asẹ́. Mo fi omi ṣàn án, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fi sínú ike oògùn tó mọ́, mo kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Ẹ má fi séètéépù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú ohunkóhun. Ó lè ba àyẹ̀wò jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá òkúta ń ba àlùwàlá jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Málíkì tí à ń ka ìwé wọn, òkúta fúnra rẹ̀ kò bà á jẹ́, ìtọ̀ tó bá a jáde ló ń bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní òun náà ń bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ òkúta yìí kò ṣàjèjì sí àwọn aṣáájú wa: ar-Rāzī, tó kú ní 925, kọ odidi ìwé lé e lórí.

Kálísíọ̀mù ni tèmi. Àwọn ará ilé ti ń gbé wàrà sá fún mi, àfi ìgbà tí dókítà ní kí n máa jẹ ẹ́ níwọ̀n, iyọ̀ ni kí n dín kù, kí n sì máa mu omi púpọ̀.

Ṣùgbọ́n tí ibà bá dà pọ̀ mọ́ ìrora náà, tàbí tí ìtọ̀ bá dúró, ẹ má dúró de òkúta kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru.