Ejò Kọ́ Mi Lọ́gbọ́n
Òjòlá kékeré ilẹ̀ Gánà àti Tógò ni àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń sìn tà. Ní 1992 ni àfín àkọ́kọ́ jáde nínú ẹyin lọ́wọ́ wọn. Bí takọtabo bá dúdú bó ti yẹ, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì fi àwọ̀ àfín pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nínú ẹyin mẹ́rin, ọ̀kan lè yọ àfín. Owó ńlá nìyẹn nígbà náà!

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ọmọbìnrin mi mú àfẹ́sọ́nà wálé. AS lọmọ, AS lọkùnrin. Ìṣirò kan náà ni: nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ SS.

Ìyàwó mi ní, "Olówó orí mi, ìfẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹyin ni ẹlẹ́jò fi ń ta tẹ́tẹ́. Àwa ti sin ọmọ kan rí, ìyá ẹ̀. Ṣé ká tún sin ọmọ-ọmọ?"