Eegun Màálù Lórí Ọrùn Béèsì

Níbi ìnáwó òkú kan ni mo ti rí béèsì mi, ní ọ̀sán Sátidé kan tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì àwọn alátùn-únṣe. Mo jókòó sábẹ́ kánópì, mo ń bá àmàlà mi jà, ni ohùn kan bá dún láti ibi tí àwọn olórin wà. Ohùn náà kò ṣàjèjì sí mi. Okùn tí ó nípọn jù lára béèsì mi máa ń ha bí wọ́n bá tẹ ẹ́ nítòsí orí, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo gbé ojú sókè. Àpá tí ilẹ̀kùn mọ́tò dá sí i níbàdí wà níbẹ̀ rekete. Ọmọkùnrin kan tí n kò rí rí ló gbé e kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lẹ̀ náírà mọ́ ọn níwájú orí. Ó ń ta á. Mo dúpẹ́ pé kò tíì tà á.

Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyẹn tí mo ti gbé e fún ṣọ́ọ̀bù kan pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Ìgbàkígbà tí mo bá pè wọ́n, "Ọ̀gá, ọwọ́ wa ló wà" ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn. Wọn ò kúkú purọ́. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé télọ̀ nìkan ló ń gbé ẹrù oníbàárà lọ òde. N kò dá wàhálà sílẹ̀, òkú olókùú ni. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe tán, mo lọ bá ọmọ náà, mo ní, "Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni béèsì yẹn." Ó wò mí, ó wo béèsì, ó ní ọ̀gá òun ló ní kí òun fi dán an wò bóyá ó ti dáa.

Ṣọ́ọ̀bù kejì nìyẹn. Àkọ́kọ́ ló dá ìyà náà sílẹ̀. Tòkunbọ̀ olókùn mẹ́rin ni béèsì mi. Mo rà á nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn ní kí n máa bá àwọn ta béèsì, kò sì sí ohun tó ṣe é ju pé okùn rẹ̀ ga sókè jù, ó ń ro mí níka. Mo gbé e lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ fi fóònù há èjìká, ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá nut. Nut ni nǹkan tín-ín-rín tí ó wà níbi tí ọrùn ti pàdé orí, tí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá lọ síbi tí a ti ń fà wọ́n le. Kò wọn nǹkan kan. Kò tilẹ̀ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí mo béèrè bóyá mo lè dúró kí n máa wo bí ó ṣe ń ṣe é, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ á ríbi ṣiṣẹ́. Ṣé àwa náà máa ń wá dúró tì yín lọ́fíìsì ni?"

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, okùn ti sùn lé irin orí ọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní fret, ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní ọrùn ló ti wọ́, pé ọrùn mìíràn wà nílẹ̀ tí mo lè rà. Mo sanwó iṣẹ́ tó fi bà á jẹ́. Ìyẹn ló ṣì ń dùn mí jù.

Àwọn ti ṣọ́ọ̀bù kejì, àwọn aríjó wọ̀nyẹn, gúlù ni wọ́n fi dí ihò nut. Wọ́n tún tú irin ìdí okùn, bridge, fún ìdí tí n kò mọ̀. Nígbà tí mo gbé béèsì mi délé, àìsàn tuntun ti kún ti àtijọ́: bí mo bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ńṣe ló ń kùn bí agbo oyin.

Ẹni tó ń lu gángan fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ráhùn sí. Kò bá mi kẹ́dùn rárá. Ó ní, "Ta ló ń bá mi fa awọ tèmi? Bàbá mi lu bàtá títí ó fi kú. Ìda ojú ìyáàlù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í, òun náà ló ń ha á kúrò. Ẹ̀yin onígìtá nìkan ni mo rí tí ẹ ń gbé ohùn yín fún ẹlòmíì pé kó bá yín wá a." Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí fún bí ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé béèsì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onírédíò ní ìparí àdúgbò wa. Abẹ́ páànù kan ni Bàbá ń jókòó sí, òkú rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n yí i ká bí ẹni pé wọ́n wá jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé gìtá sí lára. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí, kò sí èyí tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí nínú àwọn tó gba owó mi.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń kùn, sà."

"Ìgbà wo ló ń kùn?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó ń kùn náà ni! Bàbá ní kí n ki wáyà bọ̀ ọ́, kí n ṣí ampilifáyà. Ó kùn. "Fọwọ́ kan irin ibi tí o ki wáyà bọ̀ yẹn." Mo fọwọ́ kàn án, ìkùn náà wálẹ̀ wọ̀ọ̀. "Fọwọ́ kan okùn wàyí." Mo kan okùn, kò sí ìyàtọ̀. Bàbá mú ìgò ojú rẹ̀ kúrò, ó ní, "Wáyà ẹ́ẹ̀tì kan wà tó yẹ kó so àwọn okùn yìí mọ́ irin ẹnu ihò yẹn. Kò sí níbi tó yẹ kó wà." Ó fi mítà wò ó, mítà ò mira. A tú bridge. Wáyà náà rèé, ó ká jọ sínú ihò rẹ̀ bí ekòló, kò kan irin kankan. Ẹni tó tú bridge lọ́jọ́sí dè é padà láìwo abẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé Bàbá yóò so ó. Ó na irin sódà sí mi. "Ìwọ lo ni ín."

Sódà àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi dà bí itọ́ tó gbẹ. Ó rí roboto, ó ṣú, mo fà á díẹ̀, ó já. Bàbá ò bínú. Ó ní léèdì ni mò ń yọ́, pé kì í ṣe léèdì ló yẹ kí n yọ́. "Irin tí o fẹ́ so ni kí o mú gbóná. Bó bá ti gbóná, òjé á sáré lọ bá a fúnra rẹ̀." Òótọ́ sì ni. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní léèdì nínú ṣọ́ọ̀bù, tánganran 60 àti òjé 40 nínú 100 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí ooru bá ti tó 183 lórí ìwọ̀n Celsius. Òjé yìí kan náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. N kò mọ̀ pé irin sódà ló máa mú mi pàdé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ó tàn yanran, ó tẹ́ mọ́ irin bí omi. A ki wáyà bọ̀ ọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Owó búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni Bàbá gbà.

Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Ìyípo fọ́líọ́ọ̀mù tó ń ha, ihò wáyà tó ń jó, kò sí èyí tí rédíò kì í ṣe. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé Leo Fender, ọkùnrin Amẹ́ríkà tó gbé béèsì onírin orí ọrùn tí gbogbo ayé mọ̀ jáde ní 1951, alátùn-únṣe rédíò ni kó tó máa ṣe gìtá; ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò tirẹ̀ ní Fullerton, ní California, ní 1938. Mo ní kò tilẹ̀ mọ gìtá ta. Bàbá ò gbé orí sókè nínú rédíò tó ń tú. "Kí ló tún fẹ́ fi títa ṣe?"

Ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ igi. Wáyà ló mọ̀. Orí mi ti wú, ìgbà tí ọyẹ́ sì mú ní Disẹ́ńbà, mo rí ìjà ọrùn béèsì. Irin gbọọrọ kan wà nínú ọrùn náà, truss rod. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a bá fà dé ohùn wọn ń fa ọrùn síwájú pẹ̀lú agbára tó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Irin yẹn ló ń fà á padà. Ní ìgbà òjò, igi ń mu omi, ó ń wú, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga. Ní ìgbà ọyẹ́, igi á gbẹ, ọrùn á nà, ìdí fret á yọ síta létí ọrùn bí eyín ayùn, okùn á sì máa ha. Ó yẹ kí n dẹ irin náà díẹ̀. Èmi fún un le. Odidi yíyí kan ni mo yí i, bí ẹni tó ń dè nọ́ọ̀tù táyà. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú pátápátá. Mo tẹ níhìn-ín, igi ni. Mo tẹ lọ́hùn-ún, igi ni. Mo gbé e jókòó sórí itan mi títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé wa ló gbà mí. Ó ní abẹ irin pẹlẹbẹ kan, feeler gauge, tó fi ń wọn àlàfo falifu ẹ́ńjìnnì. Ohun tí béèsì ń fẹ́ náà nìyẹn: kí a tẹ okùn mọ́ fret àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, kí a wá wo àlàfo tó wà láàárín. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílímítà, 0.3, ló tó. Mo dẹ irin náà padà, ìdámẹ́rin yíyí kan ṣoṣo, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí pé igi kì í gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀. Mo tún dẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Oṣù Júláì ni mo gbé béèsì lọ síbẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Igi ló wú. Yíyí díẹ̀ sí apá ọ̀tún ló ń fẹ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Nut kò ṣẹ̀ ẹnì kankan. Mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní olè látọjọ́ yìí. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò mọ̀ ni, èyí sì burú ju olè lọ, nítorí olè a máa mọ ohun tí òun ń mú.

Ohùn béèsì náà tún ń ṣì bí mo bá tẹ okùn; mo yanjú ìyẹn náà. Láti nut dé bridge jẹ́ ínǹṣì 34, fret kejìlá sì wà ní ìdajì rẹ̀ gan-an, ínǹṣì 17. Ìró tó ń jáde bí a bá fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìró tó ń jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́ mu. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga ju èkejì lọ, a ó fi sukudiráfà fa irin kékeré orí bridge sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn.

Ó ku nut. Gúlù tí wọ́n fi dí i ti ń já. Mo kà á pé eegun màálù ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò, mo sì lọ bá alápatà mi lọ́jà Bódìjà. Eegun itan gbẹrẹgẹdẹ ni mo béèrè, kó má ní ẹran lára. Ó bi mí bóyá ajá tuntun ni mo rà. Mo sè é nínú omi ọṣẹ kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde. Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí ìkòkò, ó rí eegun nínú ìfófòó, ó dé e padà jẹ́ẹ́. "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí?" Mo sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, mo fi ayùn irin gé e, mo fi sáńpépà ha á lórí gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu eyín ẹni. Èyí àkọ́kọ́ là sí méjì. Èkejì, mo gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn jù. Mo ṣe ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe gẹ́lẹ́, láìfi fóònù há èjìká. Fún ẹ̀kẹta, mo lọ́ sáńpépà mọ́ àwọn okùn àtijọ́ mi, torí okùn kan tinrin bíi mílímítà 1.1, òmíràn nípọn bíi 2.7, ihò kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mọ okùn tirẹ̀. Mo ń ha á lẹ́ẹ̀kan, mo ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà ni.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo gbé béèsì wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò kùn, kò ha. Onígángan wa tẹ̀ síwájú láàárín orin, ó fi ìka kan nǹkan funfun orí ọrùn náà.

"Kí lèyí?"

"Eegun màálù."

Ó wo ojú gángan rẹ̀. "Ti ewúrẹ́ ni tèmi," ló wí, ó sì sọ kọ̀ǹgọ́ sí i.