Òkè Wo Lẹ Ń Wí?

Ọmọ àbúrò mi kan wà tó ń pè mí ní Dádì Bódìjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kó kúrò ní Bódìjà wá sí Agbowó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kó wá àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ hill, kó sì kọ ohun tí Yorùbá ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Ó ní kí ni hill? Mo ní òkè. Mountain ńkọ́? Òkè náà ni. Up ńkọ́? Òkè. Ibi tí Màmá Àgbà máa ń nàka sí tí wọ́n bá ń gbàdúrà? Òkè ni. Ìlú Òyìnbó tí Àǹtí wà? Òkè òkun. Ó fi bírò sílẹ̀, ó wò mí lójú. "Dádì, ṣé òkè nìkan ni Yorùbá ní ni?"

Ó dùn mí díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Mo ní òkìtì wà, èyí tí erùpẹ̀ tàbí pàǹtí bá kó jọ. Ebè wà, èyí tí àgbẹ̀ fi ọkọ́ kọ. Gegele wà, ibi tó kàn fi díẹ̀ ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àpáta wà, òkúta látòkè délẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà wà, ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń sáré láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó kọ gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó lọ sùn. Èmi ni n kò tètè sùn.

Nítorí pé nínú Ìbàdàn yìí, kò sí bí a ṣe lè ṣe é ká má pe òkè lójúmọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó, òkè ni wọ́n sá gùn nígbà tí ogun tú wọn ká. Ìtàn ní èso òrò àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín yẹn náà ni wọ́n sì sọ di abọ́ ẹ̀kọ. Ìdí nìyẹn tí Òkèbádàn fi di òrìṣà tó ní ọdún tirẹ̀, tó ní Abòkè tó ń bọ ọ́, tí iná kì í jó nínú ààrò lọ́jọ́ náà, tí ẹnu ọmọdé àti àgbà sì máa ń tú sílẹ̀ débi pé ẹni tí ojú bá ń tì kó yáa jókòó sílé. Àwọn òyìnbó amúnisìn náà mọ ohun tí òkè ń ṣe. Orí òkè ni wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó sí, tí wọ́n ṣí ní 1929, orí òkè mìíràn, Òkè Ààrẹ, ni ilé ìṣọ́ tí wọ́n fi rántí Bower, ọ̀kan nínú wọn, dúró sí láti 1936. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe olórí ìlú, ó ní láti wà níbi tí gbogbo ìlú ti máa gbójú sókè wò ó.

Ìbàdàn tuntun ni kò tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tí rélùwéè dé ní 1901, ọjà tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀, Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn àdúgbò tuntun náà: Bódìjà, Ring Road, Challenge. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Nígbà tí owó kòkó wá pọ̀, wọ́n fi kọ́ òkè tiwọn sí ìsàlẹ̀ náà, Cocoa House, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Òkè-Adó àti Òkè-Bọ́lá ṣì fi òkè síwájú orúkọ lápá ibẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú tó wá ṣòwò tẹ̀dó sí, tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune sì wà.

Ṣùgbọ́n òkè tí à ń pè lẹ́nu kì í ṣe ilẹ̀ tó ga. Ẹ béèrè ọ̀nà ní Agbowó, wọ́n á ní "ẹ máa lọ sókè, tẹ́ ẹ bá ti rí tíráńsífọ́mà, ẹ yà." Ọ̀nà náà tẹ́jú bí orí tábìlì. Iwájú ni wọ́n ń wí. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń gba ààwẹ̀ lọ "sórí òkè" ní òpin oṣù. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan, pápá tó tẹ́jú kan ni, tí wọ́n ta tapólì lé. Ará Èkó ń pè wá ní ará òkè, bẹ́ẹ̀ Òkè-Àrìn àti Òkè-Pópó wà ní Èkó tiwọn, ẹni tó bá rí òkè níbẹ̀ kó pè mí. Ó dà bíi pé ibi tí olùsọ̀rọ̀ dúró sí ni òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, òkè ló wà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kì í tàn jẹ ni awakọ̀ takisí máíkírà. Látìgbà tí epo ti gbówó lórí ní 2023, mo ti rí èyí tó ń bọ́ jíà ní Mọ́kọ́lá, tó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa yọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ọwọ́ lórí bíréèkì, ẹ̀mí wa lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tí wọ́n bá ń bọ̀, tí òkè bá dé, èrò mẹ́rin ẹ̀yìn á máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ráhùn.

Omi náà kì í ṣìnà. Èmi ti kọ́ ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mò ń wá yàrá, onílé kan sọ fún mi pé ilé òun "fi díẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára." Mo mọ̀ ọ́n lára. Òjò ńlá kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀dì mi ń léfòó. Ìyá ìbejì tó wà ní yàrá kejì kò tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn; ó ti gbé tirẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù láti ọjọ́ tó ti kó wọlé. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ṣì ń sọ ti odò Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, bí omi ṣe kó ilé àti èèyàn lọ. Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe àwàdà nígbà yẹn. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ó tún dé, ó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Látìgbà náà, ẹ gbọ́ bí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ṣe ń polówó ilé: "Òkè ló wà o, omi ò lè débẹ̀." Owó ilé náà á sì gòkè tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn baba wa sá gùn nítorí ogun, àwa ń san owó ọdún méjì lórí rẹ̀ nítorí òjò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè-Adó, mo dúró, mo ń wò yíká bí ẹni tí nǹkan sọnù fún. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, wáyà iná, kò sí bí ojú ṣe lè rí bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ jókòó nítòsí. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òkè tí wọ́n ń wí ní Òkè-Adó yìí, ibo ló wà gan-an?"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé àlejò ni ọ́ ni?" Wọ́n na ọwọ́ sí agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ó yá, wá bá mi gbé èyí sókè ná."

Mo gbé e rù wọ́n. Wọ́n sì yí ẹ̀yìn padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ lọ.