Ọjọ́ Mẹ́rin ní Nápólì

Ní ọdún 1962 ni Nanni Loy, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé sinimá kan jáde lórí ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn ará Nápólì fi gba ìlú wọn padà. Ìtàn tòótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943 ni Ítálì jáwọ́ nínú ogun tí òun àti Jámánì jọ ń jà. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì, tí í ṣe ọ̀rẹ́ lánàá, sì sọ ara wọn di ọ̀gá lé ìlú náà lórí. Walter Schöll, olórí wọn, kéde pé bí ẹnikẹ́ni bá pa ọmọ-ogun òun kan, ní ìlọ́po 100 ni òun yóò gbẹ̀san. Ó lé àwọn tí ń gbé etí òkun kúrò nílé. Ó ní kí àwọn ọkùnrin wá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àfipáṣe. Nígbà tí àwọn tí ó jẹ́ ìpè náà kò tó nǹkan, ó ní kí wọ́n máa mú wọn ní òpópónà. Ewúrẹ́ tí a lé kan ògiri, kí ni ó kù tí yóò ṣe ju pé kí ó yíjú padà?

Àga, ibùsùn àti àpótí ni àwọn obìnrin ń jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé láti fi dínà mọ́ ọkọ̀-ogun. Nígbà tí ó yá, Schöll fúnra rẹ̀ ní láti dá àwọn tí ó há mọ́ pápá ìṣeré ní Vomero sílẹ̀ kí ó tó rí ọ̀nà jáde.

Àwọn kan lè wí pé èrò pọ̀ jù nínú sinimá yìí: bí ojú ti ń mọ ẹnì kan ni ẹlòmíràn ń dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú lódindi ni ó jagun náà. Nítorí náà ni àwọn òṣèré, àti olókìkí inú wọn, ṣe gbà kí a má kọ orúkọ àwọn sí i.

Síbẹ̀, orúkọ kan wà tí a kò lè fò: Gennaro Capuozzo, ọmọ ọdún 11, tí ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ó ń ju àdó olóró lu ọkọ̀-ogun. Ibẹ̀ ni ó kú sí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà, tí í ṣe ti akọni ogun, dá ọmọdé náà lọ́lá.