Eégbọn Tó Ń Gba Ohùn Lẹ́nu Ajá

Ohùn ló kọ́kọ́ ń lọ. Ajá tí gbígbó rẹ̀ ń jí àdúgbò á dédé há lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, títí kò fi ní lè dìde mọ́. Bó bá dé àyà, mímí á dogun.

Ixodes holocyclus lorúkọ eégbọn náà. Etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà nilé rẹ̀, láti Queensland dé Victoria. Ara bandicoot, ẹran igbó kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ló ti sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan.

Itọ́ rẹ̀ ló ní májèlé. Ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kì í dénú ẹran ara. Kì í ṣe lọ́jọ́ tó so mọ́ni ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀ o. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kó tó mu ẹ̀jẹ̀, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Bó bá yó, á wú kọjá sẹ̀ǹtímítà 1, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ okùn ọrùn, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀: ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a. Iṣẹ́ olówó ajá nìyẹn. A kì í ní kí akátá wá já eégbọn ẹnu ajá.

Láàárín 1900 sí 1945, ó kéré tán èèyàn 20 ni eégbọn yìí pa ní New South Wales. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní British Columbia, ní Kánádà, eégbọn mìíràn, Dermacentor andersoni, náà ń rọ màlúù àti èèyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ ọ́, aláìsàn sábà máa ń gbádùn láàárín ọjọ́ kan. Ti Ọsirélíà le jù bẹ́ẹ̀: wọ́n ti yọ ọ́ tán, ara ṣì lè máa rọ sí i fún wákàtí 48. Ìdí nìyí tí dókítà ẹranko kì í fi í jẹ́ kí ajá tètè lọ sílé. Oògùn tí wọ́n ń fún un, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá mìíràn tí májèlé náà kò ràn mọ́ ni wọ́n ti ń rí i.

Lókè Atherton, ní Queensland, àdán ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ èso tábà igbó, igi tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ibẹ̀ leégbọn ti ń bá wọn. Ìyá á ṣubú, ọmọ á ṣì dì mọ́ ọn láyà. Ilé ìwòsàn àdán kan wà ní Tolga, nítòsí ibẹ̀, tó ń kó wọn.

Dókítà Sheryl van Nunen, ní Sydney, ló ṣàkíyèsí pé àwọn kan tí eégbọn yìí ti bù jẹ kò lè jẹ ẹran màlúù, àgùntàn tàbí ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Wọ́n á jẹun alẹ́ tán, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ara á lé, ọ̀fun á wú. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má jẹ ṣàkì mọ́ nítorí eégbọn, ẹ bá a kẹ́dùn. Ẹja àti adìẹ kò ní wàhálà.