Wáyà Olówó Ńlá àti Ohùn Orin Inú Ilé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn orin, ó sì tọ́ kí àwa tí à ń ṣọ́ àpò ilé mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá yọ wáyà iná tí ó bá ẹ̀rọ orin wá, tí a fi èyí tí ó nípọn tí ó sì wọ́n gógó rọ́pò rẹ̀, orin yóò dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Láti dáàmù Kàǹjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí pèsè iná ní 1968, iná a máa rin ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà kí ó tó dé Èkó tàbí Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, yóò tún gba inú wáyà bàbà lásán tí ó wà nínú ògiri wa. Bí omi bá ti gba inú páìpù àtijọ́ wá, ṣé ife fàdákà tí a fi bù ú ni yóò sọ ọ́ di mímọ́? Pẹ̀lúpẹ̀lù, orin kọ́ ni ó ń gba inú wáyà náà kọjá. Agbára iná ni. Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni a ti ń sọ iná 230 fóòtì di irú èyí tí ó lè lò, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì.

Ní 2004, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn olùfẹ́ orin kan dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n tẹ́tí sí orin láìmọ̀ bóyá wáyà olówó ńlá ni a lò tàbí wáyà lásán. Nínú ìdáhùn 149, 73 péré ni wọ́n gbà. Ẹni tí kò gbọ́ orin rárá, tí ó kàn ń méfò, ì bá gbà tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé tèmi náà, ọ̀rẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi kan gbé irú wáyà bẹ́ẹ̀ wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a ó rà á. Owó rẹ̀ tó owó ilé ìwé ọmọ méjì fún sáà kan, ó sì ti wọ ọkọ mi lójú. N kò bá wọn jiyàn. Mo kàn wí pé, "Bàbá Táyọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi etí nìkan ṣe ìdájọ́." Àkọ́bí wa ń pààrọ̀ wáyà, àwo Ebenezer Obey kan náà ni à ń lò. Nínú ìgbà 10, ìgbà 5 ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá wáyà padà fún olówó rẹ̀, a sì san owó ilé ìwé. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní ó dùn jù. Ohun tí ojú rí, tí ọkàn sì ti fẹ́, etí a máa gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sọ pé wáyà kò já mọ́ nǹkan. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tó rédíò kò tó áyọ́ọ̀nù. Yóò gbóná, ó sì lè dá iná sílé. Bí ara wáyà bá ti bó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ tó kàn án. Bí fíúsì inú púlọ́ọ̀gì bá jó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà dí àyè rẹ̀. Fíúsì ni ẹ̀ṣọ́ ilé yín.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí orin dùn, ẹ gbé sípíkà kúrò lẹ́yìn àga, kí ẹ gbé e ga títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí ẹni tí ó jókòó dọ́gba. Ẹ ta kọ́tìnì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí ohùn má baà máa ta padà lára ògiri. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró hùùù, ẹ ya wáyà iná kúrò lára wáyà tí ó ń gbé orin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó rere, bí wọ́n bá gbé ọjà olówó ńlá wọlé tọ̀ yín wá, ẹ má bínú, ẹ má sì ta ko olórí ilé lójú àlejò. Ẹ fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí a dán an wò ná. Owó tí a kò ná lórí òfo, òun náà ni a ó fi tọ́ ọmọ.