Igi Tí Bàbá Mi Tà, Igi Tí Mo Sanwó Wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Amẹ́ríkà rí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. N ò dé New York, n ò sì dé Houston tí àwọn èèyàn wa kún bámúbámú. San Francisco ni mo lọ, lóṣù keje ọdún 2023, torí pé ìtòsí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò kúkú jáde látinú owó oṣù akọ̀ròyìn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè ká a. Igi ìrókò méjì ni bàbá mi tà fún àwọn onígẹdú nínú oko wa ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, kí n tó rí ọkọ̀ òfúrufú wọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

San Francisco yìí, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó ń ráhùn òkè Ìbàdàn kò tí ì rí nǹkan kan. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí okùn onírin abẹ́ títì ń wọ́ gun òkè, àwọn èrò á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi kọ́ńdọ́kítọ̀ mólúè. Mo ti rò pé oòrùn ni màá bá, àfi òtútù! Kùrukùru bo afárá Golden Gate tí wọ́n ṣí lọ́dún 1937, orí rẹ̀ nìkan là ń rí. Wúrà wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kùn ún. Ní àdúgbò Tenderloin, àwọn èèyàn ń sùn nínú àgọ́ létí títì, láàárín ìlú olówó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má wò wọ́n. Mo wò wọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ sí páákì. Mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ni, mo ti ń gbé báàgì mi. Àṣé igbó ni! Muir Woods lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ti ní láti sanwó ibi tí a máa gbé mọ́tò sí sílẹ̀ ṣáájú, bá a sì ṣe dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún gba dọ́là 15 lórí àgbà kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí la fẹ́ rà. Ó ní igi la fẹ́ wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, igi ọ̀hún ga. Redwood ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ga jù níbẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 258, púpọ̀ nínú wọn sì ti lo 600 sí 800 ọdún. Wọ́n gbé gẹdú kan tó ti ṣubú tipẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi àmì sí àwọn òrùka inú rẹ̀: ibí ni igi náà tóbi dé nígbà tí Columbus dé lọ́dún 1492. Èmi ń wá ibi tí ogun Òwu máa bọ́ sí, torí Òwu làwa ará Kúta, ogun tó fọ́n àwọn baba wa ká láàárín 1820 sí 1830. Nítòsí èèpo ló bọ́ sí.

Àwọn onígẹdú ì bá ti pa igbó yẹn run. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gé kọ́ San Francisco, òun náà ni wọ́n gé tún un kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tí iná sì jó o lọ́dún 1906. William Kent àti ìyàwó rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà lọ́dún 1905 kí wọ́n má baà gé e. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ omi kan fẹ́ fi òfin gbà á láti sé odò ibẹ̀, Kent fi ta ìjọba àpapọ̀ lọ́rẹ, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì fi òfin dáàbò bò ó ní January 1908. Ààrẹ fẹ́ fi orúkọ Kent pè é, ó kọ̀, ó ní John Muir ni kí wọ́n fi sọ ọ́.

Ibì kan wà nínú igbó ọ̀hún tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má pariwo. Lọ́dún 1945 tí wọ́n ń dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀, ibẹ̀ làwọn aṣojú lọ láti ṣèrántí Ààrẹ Franklin Roosevelt tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ṣé àwa ò wá mọ irú igbó bẹ́ẹ̀ ni? Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ńkọ́? Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó wá láti Austria, tó kú lọ́dún 2009, òun àtàwọn aborìṣà ló jà fún un tí wọn ò fi gé e tán, kí UNESCO tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ìrókò oko wa ni kò rí ẹni jà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, bàbá mi ò bá wọn dé oko. Ó jókòó sílé, ó lẹ́sẹ̀ ń dun òun.

Nígbà tí mo dé Kúta, wọ́n ní kí n jókòó.

"Kí lo rí lọ́hùn-ún?"

Mo sọ ti afárá, mo sọ ti ọkọ̀ olókùn. Mo wá sọ ti igi.

"Ó tóbi ju tiwa lọ?"

"Ó tóbi jù ú lọ, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Wọ́n kàn ń wò ó ni, sà. A sanwó kí wọ́n tó jẹ́ ká wò ó."

Nígbà tí mo ṣírò dọ́là 15 sí náírà fún wọn, tó lé ní ẹgbàárùn-ún nígbà yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n wá dákẹ́. Wọ́n ní, "Èmi ta tèmi, o lọ sanwó wo tẹlòmíì."

Ní báyìí, àbúrò mi ọkùnrin ń wá owó, Kánádà lòun ń lọ. Onígẹdú ti wá wo ẹyọ kan tó kù lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní kí n wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí ká jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. N ò tí ì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, torí pé èmi nìkan ni mo jẹ méjì àkọ́kọ́.